Ọṣẹ Kún Ilé, Ilé Ò Mọ́

Ọ̀rọ̀ ìkòkò àti àwo ni a bá yín sọ lójú ewé yìí ní oṣù tó kọjá, ọ̀pọ̀ yín ni ẹ sì kọ̀wé sí wa. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà nínú wọn tó mú àwa tọkọtaya gbéra nílé ní ọjọ́ Sátidé kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọjá ohun tí a lè fi ìwé nìkan dáhùn. Arábìnrin kan ní Ládìpọ̀, ní Múṣin, ni ó kọ ọ́. Ó ní oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú òun, ó ní yàrá kan àti pálọ̀ kan ni àwọn ń gbé, ó sì ní bí a kò bá tètè dá sí ọ̀rọ̀ náà, ọṣẹ ni yóò lé òun jáde nílé ọkọ òun.

Ọṣẹ kẹ̀? A kọ́kọ́ rò pé a ṣì í kà ni. Ìgbà tí a tún un kà ni a rí i pé kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, kì í sì í ṣe ọṣẹ ìwẹ̀. Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ni! Ọkọ rẹ̀ ń kó o jọ bí ọmọdé ti í kó ìdérí ìgò mínírà jọ. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike gààrí, ó sì wà nínú àpótí aṣọ. Arábìnrin wa ní bí òun bá bu ìrẹsì sẹ́nu, ọṣẹ ni òun ń gbóòórùn. Ó wá bẹ̀ wá pé kí a wá ní ọjọ́ tí ọkọ òun bá wà lọ́jà, kí a bá òun kó gbogbo rẹ̀ dànù kí ó tó dé.

Ẹ̀yin ará, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. A ránṣẹ́ padà sí arábìnrin yìí pé a ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí baálé ilé bá wà nílé ni a ó wá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ọṣẹ rẹ̀ sílẹ̀.

ṢỌ́Ọ̀BÙ TÓ LÉTÒ, ILÉ TÍ KÒ LÉTÒ

Ẹni tó bá mọ Èkó mọ Ládìpọ̀. Bí ọkọ̀ bá bà jẹ́, tí mẹkáníìkì sì wá páàtì rẹ̀ títí tí kò rí i, Ládìpọ̀ ni yóò ní kí a lọ. Ẹ́ńjìnnì, jíà, iná iwájú, ìlẹ̀kùn, gbogbo ohun tí ń bẹ lára ọkọ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àti tuntun àti tòkunbọ̀. Iṣẹ́ yìí ni baálé ilé náà ń ṣe. Ó ní kí a kọ́kọ́ wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù, kí a jọ lọ sílé.

Ohun tí a rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn yà wá lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn kan ni, kò sí iná mànàmáná lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Oníbàárà kan dé, ó ní béárìn ẹsẹ̀ iwájú Toyota Camry ni òun ń wá. Arákùnrin wa kò tan tọ́ọ̀ṣì. Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ kẹta lápá òsì, ó fa béárìn yọ, ó fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Ti Toyota wà lọ́tọ̀, ti Honda wà lọ́tọ̀, ti Nissan wà lọ́tọ̀. Tuntun kò dà pọ̀ mọ́ tòkunbọ̀. Rọ́bà kò sún mọ́ ibi tí epo wà, nítorí pé epo máa ń ba rọ́bà jẹ́. Ásíìdì bátìrì wà nínú ike tirẹ̀ ní igun kan, ó fi máákà pupa kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà. Èyí tó pẹ́ jù lórí pẹpẹ ni ó wà níwájú, òun ni ó ń kọ́kọ́ tà.

A wo ara wa, a kò sọ nǹkan kan. A tẹ̀ lé e dé ilé.

Háà! Ṣé ọkùnrin kan náà nìyí? Ilẹ̀kùn yàrá kò ṣí tán nítorí páálí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó ní kí a jókòó, kò sí ibi tí a lè jókòó sí tí kò ní ọṣẹ. A bi arákùnrin wa pé báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó lọ mú abọ́ páànù kékeré kan jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ó gbé e lé wa lọ́wọ́. Ìlàjì ọṣẹ kan wà nínú rẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti le bí òkúta. Ó ní, “Ti bàbá mi ni. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n ní Múṣin níbí. Abẹ wọn, òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọn àti abọ́ yìí ni wọ́n ń gbé kiri. Èyí ni wọ́n lò kẹ́yìn.”

Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni ojú rẹ̀ ti ń wà lára ọṣẹ ìfárùngbọ̀n. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ tòkunbọ̀ wọlé máa ń di ẹrù sínú ọkọ̀ náà kí ó má bàa wá lófìfo, inú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń rà á. Ó ní Palmolive tó dà bí ọ̀pá. Ó ní Arko tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Ó ní Proraso láti Ítálì àti Tabac láti Jámánì. Ó sì ní ọṣẹ dúdú ti ilé wa, nítorí ó ní òun ni bàbá òun fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìyàwó ní, “Ẹ sọ ti owó ná, Dádì.” Ọkọ fèsì pé òun kò fi owó ṣòfò. Ó ní ṣé a kò gbọ́ ni, pé ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Unilever kéde pé òun kò ní ṣe OMO, Sunlight àti Lux mọ́ ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ ni ilé-iṣẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ níbí ní 1923. Ó ní ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 kan náà, P&G tó ni Gillette kéde pé ọjà tí a bá kó wọlé láti òkè òkun nìkan ni òun yóò máa tà fún wa. Ó ní, “Bí èèyàn kò bá kó jọ, kí ni yóò fi fá irùngbọ̀n lọ́la?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀, a kò sì bá a jiyàn. A kàn ní kí ó bá wa kó gbogbo ọṣẹ náà jáde láti ibi mẹ́rin tí ìyàwó rẹ̀ dárúkọ, kí a fi ojú ara wa rí bí ó ṣe wà.

IBI MẸ́RIN TÍ KÒ YẸ ỌṢẸ

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni a ti bẹ̀rẹ̀. Símẹ́ńtì ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rin lásìkò òjò. Páálí tó wà nísàlẹ̀ ti jẹrà, ọṣẹ dúdú tó wà nínú láílọ́ọ̀nù ti di bí ẹ̀kọ mímu, àwọn ọṣẹ tó wà nínú agolo sì ti fi ìpẹtà kun ara wọn. Ǹjẹ́ ẹ mọ ìdí rẹ̀? Eérú ni a fi ń se ọṣẹ dúdú, bí eérú èèpo kòkó, omi eérú yìí kì í sì í jẹ́ kí ọṣẹ le. Ó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Irú èròjà kan náà tó wà nínú eérú yìí ni àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lókè òkun máa ń fi sí i kí ó lè hó dáadáa. Nítorí náà, ọmọ ìyá ni ọṣẹ dúdú àti ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, omi ni ọ̀tá àwọn méjèèjì. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Bí wọ́n bá ra ọṣẹ gbọọrọ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tò ó sí ibi tí atẹ́gùn wà kí ó gbẹ kí wọ́n tó lò ó. Ọṣẹ tó gbẹ kì í tètè yọ́ lọ́wọ́.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni a tẹ̀ lé. Páànù orí ilé kò jìnnà síbẹ̀, ooru ibẹ̀ ní ọ̀sán kì í ṣe kékeré. Àwọn ọṣẹ tó wà níbẹ̀ ti pàdánù òórùn dídùn wọn, àwọn kan ti sán, àwọn kan ti ní àmì rúsúrúsú lára, wọ́n sì ń rùn bí epo àtijọ́. Epo àti ọ̀rá ni a fi ń ṣe ọṣẹ. Bí ooru àti afẹ́fẹ́ bá bá epo inú rẹ̀ jà fún ìgbà pípẹ́, ó máa bà jẹ́. Kò ní pa ẹni tó bá lò ó, ṣùgbọ́n kò ní hó dáadáa, ó sì lè mú kí ojú yún èèyàn.

Ẹ̀gbẹ́ ike gààrí ni ó ṣìkẹta. Níbẹ̀, eyín eku wà lára ọṣẹ mẹ́fà! Ọ̀rá màlúù wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, eku sì fẹ́ràn ọ̀rá. Ẹni tó bá gbé ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ ti pe eku wá síbi oúnjẹ nìyẹn, a sì mọ ohun tí eku ń gbé wá. Àwa tí a wà ní orílẹ̀-èdè tí a ti kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀ ní 1969 kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ eku ṣeré. Ìrẹsì àti gààrí náà máa ń fa òórùn ọṣẹ mọ́ra. Irọ́ kọ́ ni arábìnrin wa pa.

Ó wá ku àpótí aṣọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

OHUN TÍ A BÁ NÍNÚ ÀPÓTÍ

Bí a ti ṣí àpótí náà ni òórùn kan gbá wa nímú, kì í sì í ṣe òórùn ọṣẹ. Ọṣẹ wà lápá kan. Aṣọ ọmọ tí ìyá ti fọ̀ tó sì ti kó pamọ́ de ọmọ tuntun wà lápá kejì, fìlà kéékèèké, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ ìgbọ́mọ. Láàárín méjèèjì ni kánfọ̀ wà, roboto funfun yẹn tí a fi ń lé aáyán. A ka méjìlá. Baálé ilé ní aáyán ni òun fi ń lé kúrò lára ọṣẹ òun.

A bi wọ́n pé ọdún wo ni wọ́n ti ń fi kánfọ̀ sínú àpótí yìí. Wọ́n ní ó ti pẹ́, kí àwọn tó bí àkọ́bí. A wá bi wọ́n pé báwo ni ara àkọ́bí ṣe rí nígbà tí wọ́n bí i. Ìyá dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin náà ń fi àwọn páálí òfìfo kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀. Ìyá ní ní ọjọ́ kẹrin tí òun bí i, ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ara rẹ̀ pọ́n dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì mú ọmú mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́. Ó ní wọ́n fún àwọn ní ìwé kan, ó wá na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí kan náà, ó fà á jáde. Lára rẹ̀ ni a ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò ní G6PD tó. Ìwé náà àti kánfọ̀ ti jọ ń gbé inú àpótí kan láti ọdún mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó ronú pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń sọ.

A kì í ṣe dókítà. Ohun tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń sọ fún àwọn aboyún ni a ń sọ yìí. G6PD ni orúkọ èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Àwọn kan wà tí wọn kò ní in tó láti inú oyún wá, ó sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa débi pé nǹkan bí ọ̀kan nínú ọkùnrin márùn-ún ni ó ní àìtó yìí. Ìyá lè gbé e fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe ìyá, nítorí náà kò sí ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n bí ìkòkó tí kò ní in tó bá ń mí òórùn kánfọ̀ símú, tàbí tí a wọ aṣọ tí kánfọ̀ ti wọ̀ sí i lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Èyí tó fọ́ náà ni ó ń sọ ara àti ẹyinjú di rúsúrúsú. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń wọ ọpọlọ, ọmọ tí kò bá kú lè di adití, tàbí kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́.

Ṣé kánfọ̀ ni ó fa ti àkọ́bí yẹn? A kò lè búra. Ara ìkòkó lè pọ́n nítorí nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn ń bọ̀ láàárín oṣù kan, bí ó bá sì jẹ́ ọkùnrin, ó lè ní ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ dán an wò? Baálé ilé kò jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ tán. Ó ká kánfọ̀ méjèèjìlá sínú láílọ́ọ̀nù, ó so ó, ó gbé e jáde kúrò nílé. Ìgbà tó padà dé, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, “Ẹ̀yin òbí wa, ẹ sọ bí a ó ṣe tò ó fún mi.”

BÍ A ṢE TÒ Ó

A ní kì í ṣe àwa ni yóò kọ́ ọ. Ìlànà ṣọ́ọ̀bù rẹ ni kí o gbé wá sílé. Bí a ṣe ṣe é nìyí, ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín, ìbáà ṣe ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, ọṣẹ ìwẹ̀ tàbí ọṣẹ tí wọ́n fi ṣe yín lálejò níbi ìnáwó.

Ìkíní, ẹ kà á. Tirẹ̀ jẹ́ 83. Mọ́kànlá ti bà jẹ́, ó ku 72. Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n roboto kan máa ń tó ọkùnrin kan lò fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta bí ó bá ń fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́. Mẹ́rin ni lọ́dún nìyẹn. Ẹ fi mẹ́rin pín 72, ọdún 18 ni! A ní, “Ìgbà tí o bá lo èyí tó kẹ́yìn, ọmọ inú oyún yìí yóò ti tó ẹni tó ń dìbò.” Tọkọtaya náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní 24 tó òun, ìyẹn ti ọdún mẹ́fà. Ó ya 48 tó kù sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà àdúgbò, àwọn tí wọ́n jọ ń tajà, àti àwọn onígbàjámọ̀ tó mọ bàbá rẹ̀.

Ìkejì, ẹ yà á sí ẹ̀yà. Roboto lọ́tọ̀, ọlọ́pàá lọ́tọ̀, èyí tó wà nínú tíúbù lọ́tọ̀, ọṣẹ dúdú lọ́tọ̀. Èyí tí òórùn rẹ̀ le gan-an, ẹ fi sínú agolo tirẹ̀ kí ó má bàa ran èyí tó kù.

Ìkẹta, ẹ gbé e sí ibi tó tọ́. Ọṣẹ tí a kò tíì lò, ẹ fi sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀, ẹ tò ó sórí pẹpẹ tó ga kúrò nílẹ̀, tó kọjá ọwọ́ ọmọdé, tí kò fara ti ògiri tó ń rin, tí kò sún mọ́ páànù orí ilé, tí oòrùn kì í tàn sí. Ọṣẹ dúdú nìkan ni kí ẹ fi sínú ike tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, kí ẹ sì máa gé ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ lò. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fi bébà wé èyí tí kò ní páálí kí ó má bàa sán.

Ìkẹrin, ẹ má ṣe ṣí ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fá irùngbọ̀n tán, kí a da omi tó wà lórí ọṣẹ nù, kí a gbé e sórí àwo oníhò, kí a má sì dé e títí yóò fi gbẹ. Ọṣẹ tí a dé ní tútù máa ń bu. Kí a gbọn búrọ́ọ̀ṣì, kí a fi kọ́ kí ẹnu rẹ̀ dorí kodò. Ti inú tíúbù, ẹ wo ara rẹ̀, ẹ ó rí àwòrán ike tó ṣí ẹnu sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 12M. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oṣù 12 ni ó fi dára lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i.

Ìkarùn-ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Arákùnrin wa fi máákà kọ nọ́ńbà 1 títí dé 24 sára wọn. Ó mú ìwé kan, ó kọ nọ́ńbà, orúkọ ọṣẹ, ọjọ́ tó rà á àti ọjọ́ tó ṣí i sí i. Èyí tó pẹ́ jù ni ó tò síwájú, gẹ́gẹ́ bí béárìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ra ẹyọ kan wọlé àfi bí ẹyọ kan bá tán.

OHUN TÍ KÌ Í ṢE ỌṢẸ

Nígbà tí a tò ó tán, àwọn nǹkan kan ṣẹ́ kù tó ti ń bá ọṣẹ gbé tí wọn kì í ṣe ọṣẹ. Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Lẹ́bú tí a fi ń pa irùngbọ̀n dànù wà níbẹ̀, májèlé ni bí ọmọdé bá gbé e mì. Omi olóòórùn tí a ń fi pa àgbọ̀n lẹ́yìn fífá wà níbẹ̀, ọtí líle ló pọ̀ nínú rẹ̀, iná a sì máa ràn mọ́ ọn. Rézà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń se ọṣẹ nílé, sódà tí ẹ fi ń sè é ni ó léwu jù lọ. Ẹ má ṣe dà á sínú ìgò mínírà láé! Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti gbé e mu bí omi, tó sì jó ọ̀nà ọ̀fun wọn. Gbogbo ìwọ̀nyí ní láti ní àpótí tirẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, kí orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà lára rẹ̀, bí arákùnrin wa ti kọ orúkọ sára ásíìdì ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti rézà, kí oníkálukú ní tirẹ̀, kódà tọkọtaya. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè fún ó kéré tán ọjọ́ méje níta ara èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a kò lè fojú rí lára abẹ tó fún un. Fífi ọṣẹ àti omi ṣan abẹ kò tó. Ẹ gbé rézà tuntun lọ́wọ́ lọ bá onígbàjámọ̀, ẹ má sì tijú. Ẹ kó èyí tí ẹ bá ti lò sínú agolo tí ẹ lu ojú tóóró sí ìdérí rẹ̀. Ọmọ tuntun náà kò gbọ́dọ̀ pàdánù abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B ní ọjọ́ tí a bá bí i. Ó ti wà lára àjẹsára tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ láti 2004.

KÍ A TÓ KÚRÒ NÍBẸ̀

Arábìnrin wa tún gbogbo aṣọ ọmọ náà fọ̀. Wọ́n sá a sínú oòrùn àti atẹ́gùn ní ọjọ́ mẹ́ta léraléra títí tí òórùn kánfọ̀ fi lọ kúrò lára rẹ̀ pátápátá, wọ́n sì ṣí àpótí náà sílẹ̀ síta bákan náà. Ní ti aáyán, ẹ mọ̀ pé omi àti èérún oúnjẹ ni ó ń pè é. Ẹ nu omi, ẹ gbá èérún, ẹ di ihò ògiri, aáyán yóò wá ilé mìíràn lọ.

A sì sọ fún wọn pé bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n rúsúrúsú, bí kò bá mú ọmú, bí igbe rẹ̀ bá yí padà, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Kí wọ́n má fi omi glúkóòsì, omi ìbẹ́pẹ tàbí oòrùn àárọ̀ fi àkókò ṣòfò. Kí wọ́n mú ìwé àkọ́bí lọ́wọ́, kí wọ́n fi han dókítà kí ó tó bi wọ́n.

Ó ku abọ́ bàbá. Baálé ilé wo ìyàwó rẹ̀, kò lè béèrè. Ìyàwó ni ó gbà á lọ́wọ́ wa. Ó fi bébà funfun wé ọṣẹ inú rẹ̀, ó gbé e sókè pẹpẹ ní ipò tó ga jù, ó ní, “Èyí kò sí lára 24. Ti bàbá wa ni.” A kò ní ohun mìíràn láti sọ mọ́.

Bí a ti ń kọ èyí, lẹ́tà kejì ti dé ọwọ́ wa. Arábìnrin wa ti bí, ọkùnrin ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni ó ní. Ọjọ́ kẹrin kọjá, ojú ọmọ funfun. Ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní ọkọ òun fi ọṣẹ nọ́ńbà 1 fá irùngbọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà, àti pé ìrẹsì tí wọ́n sè fún àlejò kò ní òórùn ọṣẹ rárá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ẹ tó pa ìwé ìròyìn yìí dé, ẹ dìde, ẹ lọ ṣí àpótí aṣọ yín. Bí aboyún tàbí ìkòkó bá wà nílé, tí ẹ sì bá nǹkan funfun roboto níbẹ̀, ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ sọ fún aládùúgbò yín pẹ̀lú. Ó di oṣù tó ń bọ̀ o.